Motorhome nínú òtútù: ṣé kó wà lórí iná, àbí ká yọ wáyà? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Motorhome ni mo ń pe ọkọ̀ tó ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀, tó sì ní ibùsùn, ilé ìdáná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú. Ẹ̀gbẹ́ ilé wa ní Kent ni tiwa máa ń wà nígbà òtútù. Bí Oṣù Kẹwàá bá ti ń parí báyìí, ìbéèrè kan náà ni àwọn ará wa tó ní irú rẹ̀ máa ń bi mí: ṣé kí wáyà iná wà lára ọkọ̀ títí òtútù á fi lọ? Mo kó ìdáhùn mi jọ síbí. Ìlú Ọba ni mo ń sọ̀rọ̀ bá, níbi tí iná ti jẹ́ 230 fólítì, tí omi sì lè di yìnyín láàrin òru kan ṣoṣo.

Tí ọkọ̀ bá dúró gbagidi, kí ni iná ń ṣe fún un?

Bátìrì ló ń bọ́. Mo tẹnu mọ́ ọn nítorí ọ̀pọ̀ ló gbà pé ọkọ̀ tí iná bá ti wọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ òtútù. Wáyà yẹn fúnra rẹ̀ kò mú inú ọkọ̀ gbóná, kò lé ọ̀rinrin, kò sì ní kí omi inú páìpù má dì. Ṣájà inú ọkọ̀ ló ń gbé iná fún, ṣájà ló wá ń tọ́jú bátìrì.

Bátìrì méjì ló sábà máa ń wà níbẹ̀: ti ẹ́ńjìnnì, àti ti inú ilé tó ń tan iná tó sì ń fa omi. Bí ọkọ̀ ṣe dúró yẹn náà, àwọn nǹkan kéékèèké ń mu wọ́n: alámù, tracker (ẹ̀rọ tó ń sọ ibi tí ọkọ̀ wà) tí ilé iṣẹ́ adójútòfò ní kí ẹ fi sí i, rédíò, kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì. Ká ní gbogbo wọn ń mu 50 mílíáńpù péré, 1.2 áńpù-wákàtí (òṣùwọ̀n iná tí bátìrì ń kó pamọ́) ló ń lọ lójúmọ́, ìyẹn 36 lóṣù kan. Bátìrì 110 áńpù-wákàtí á ti gbẹ táútáú kí oṣù mẹ́rin tó pé.

Bátìrì òjé kò sì fara da ebi. Bí agbára rẹ̀ bá lọ sílẹ̀, iyọ̀ funfun kan á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ àwọn awo òjé inú rẹ̀. Tó bá pẹ́ níbẹ̀, á le bí òkúta, kò sí ṣájà tó máa ká a kúrò mọ́. Ásíìdì inú bátìrì tó ti gbẹ sì máa ń là débi pé ó kù díẹ̀ kó dà bí omi lásán. Bátìrì tó kún kì í dì, àfi tí òtútù bá kọjá 50 dígírì nísàlẹ̀ òdo, Ìlú Ọba kò sì rí irú rẹ̀ rí. Èyí tó ṣófo lè dì ní nǹkan bí 10 nísàlẹ̀ òdo, tàbí kó tó débẹ̀ pàápàá. Tó bá dì, ara rẹ̀ lè sán.

Ṣé dandan ni kó wà lórí iná láti Oṣù Kọkànlá títí di Oṣù Kẹta?

Kì í ṣe dandan. Irú ṣájà tí ẹ ní ló máa sọ.

Ṣájà òde òní mọ ìgbà tí bátìrì yó. Á kọ́kọ́ gbé e dé nǹkan bí 14.4 fólítì, á dì í mú níbẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà á rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí nǹkan bí 13.5, á wá máa fún un ní ìwọ̀nba tó ń pàdánù. Irú èyí lè wà lórí iná fún oṣù mélòó kan láìba nǹkan jẹ́. Ṣájà àtijọ́ kò ní irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀, 13.8 fólítì ni tọ̀sán-tòru, bátìrì ì báà yó, ì báà má yó. Díẹ̀díẹ̀ ni omi inú bátìrì á máa di afẹ́fẹ́ jáde, títí orí àwọn awo òjé á fi yọ síta, ibi tó bá sì ti yọ síta ti kú nìyẹn. Afẹ́fẹ́ hydrogen tó ń jáde níbẹ̀ máa ń gbiná, ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi gbọ́dọ̀ dí ihò afẹ́fẹ́ ibi tí bátìrì wà. Bí bátìrì yín bá jẹ́ èyí tó ní ìdérí tó ń ṣí, ẹ máa wo inú rẹ̀ lóṣooṣù, kí ẹ sì fi omi bátìrì (distilled water, kì í ṣe ásíìdì) sí i. Ẹ má fi omi ẹ̀rọ sí i o.

Ṣájà tuntun ni tèmi, síbẹ̀ mi ò kì í fi wáyà sílẹ̀ títí. Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù ni mo máa ń fi í sí i, ọjọ́ Àìkú lálẹ́ ni mo ń yọ ọ́. Kí n tó kúrò níbẹ̀, mo máa ń pa súwíìṣì àgbà tó ń gbé iná bátìrì wọ inú ilé ọkọ̀. Ìdí tí mo fi yan ọ̀nà yìí ni pé ó ń mú mi wọ inú ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ó pẹ́ tán. Mo máa gbọ́ òórùn rẹ̀, mo máa fọwọ́ pa tìmùtìmù, mo máa gbójú sókè wo igun òrùlé. Ọkọ̀ tó wà lórí iná títí rọrùn láti gbàgbé, inú ìgbàgbé yẹn sì ni omi ti ń jò wọlé.

Báwo ni mo ṣe máa mọ irú ṣájà tí mo ní?

Ẹ ra mítà kékeré tí àwọn rewáyà fi ń wo fólítì, kò wọ́n. Ẹ fi ọkọ̀ sórí iná fún odindi ọjọ́ kan láìtan nǹkan kan nínú rẹ̀, kí ẹ wá fi mítà kan orí bátìrì méjèèjì. Bí ó bá ti sọ̀kalẹ̀ sí nǹkan bí 13.5, ṣájà yín mọ iṣẹ́. Bí ó bá ṣì wà ní 14.4 lẹ́yìn ọjọ́ kan, ẹ yọ wáyà kí ẹ sì pe ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Mítà yẹn náà lẹ máa fi mọ bí bátìrì ṣe wà lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ iná. Ẹ jẹ́ kó sinmi fún wákàtí díẹ̀ kí ẹ tó wò ó. Fún bátìrì òjé, 12.7 túmọ̀ sí pé ó kún. 12.4 ṣì dára. 12.2 ti dé ààbọ̀, ẹ má jẹ́ kó kọjá ibẹ̀. Tó bá ti wọ 12.0, ẹ sáré fi iná sí i.

Bátìrì inverter wa ní Ìbàdàn kì í kúrò lórí iná láti ọdún dé ọdún. Kí ló dé tí ti ọkọ̀ fi yàtọ̀?

Ìbéèrè yìí dùn mọ́ mi, nítorí èmi náà bi ara mi rí. Ti Ìbàdàn, iná kì í dúró. Wọ́n á mú un lọ, bátìrì á ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́ta, mẹ́rin, wọ́n á mú un dé, á tún kún. Ojoojúmọ́ ló ń jẹ, ojoojúmọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Bátìrì motorhome tó wà lórí iná ní Ìlú Ọba kò rí ọjọ́ kan tí iná lọ. Ó ń jẹun láìṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí ṣájà tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dẹwọ́ fi ń pa á.

Ẹ sì rántí pé ti Ìbàdàn náà, bí kò bá sí ẹni tó ń bu omi sí i, kì í pẹ́ kú.

Ṣé iná yẹn ń wọ bátìrì ẹ́ńjìnnì náà?

Nínú àwọn ọkọ̀ kan, bẹ́ẹ̀ ni. Nínú àwọn mìíràn, bátìrì inú ilé nìkan ni. Ọ̀pọ̀ ni kò mọ èyí títí di ìgbà Àjíǹde, tí wọ́n á yí kọ́kọ́rọ́ tí ẹ́ńjìnnì kò ní dáhùn, bẹ́ẹ̀ iná inú ilé ń tàn yòò. Ẹ fi mítà wo ti ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó fi iná sí ọkọ̀, kí ẹ tún wò ó lẹ́yìn wákàtí kan. Bí nọ́ńbà bá gòkè, ó ń wọ ibẹ̀. Bí kò bá gòkè, ẹ ra ṣájà kékeré tó ń mọ ìgbà tó yó, kí ẹ fi sórí bátìrì ẹ́ńjìnnì nígbà tí ọkọ̀ bá wà lórí iná.

Lithium ni bátìrì mi ńkọ́?

Ẹ gbàgbé gbogbo nọ́ńbà tí mo kọ sókè. Lithium tí wọ́n ń fi sí motorhome kì í fẹ́ kí á fi òun pamọ́ ní kíkún, ní nǹkan bí ààbọ̀ ni ó ti ń sinmi dáadáa, agbára rẹ̀ kì í sì í tètè lọ fúnra rẹ̀. Ẹ fi í sí ààbọ̀, ẹ pa súwíìṣì rẹ̀, ẹ yọ wáyà iná. Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe ni pé kí ẹ ṣáàjì rẹ̀ nígbà tí òun fúnra rẹ̀ bá tutù kọjá òdo dígírì. Èyí tó dára ní kọ̀ǹpútà kékeré nínú tó ń kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo ìwé tiyín kí ẹ rí i dájú pé ó ní in.

À ń lọ sílé fún Kérésì, ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ṣé kí n fi í sílẹ̀ lórí iná?

Ẹ jọ̀ọ́, rárá. Mo ṣe é rí.

Àbúrò mi ń ṣègbéyàwó ní Ìbàdàn. Mo fi wáyà sí ọkọ̀, mo gbé hítà kékeré kan sí àárín rẹ̀, mi ò sì tú omi inú táǹkì dànù nítorí mo gbà pé ooru hítà á tó. Lẹ́yìn tí a lọ, òjò rọ̀, omi wọ ibi tí wáyà méjì ti pàdé lórí koríko. RCD, ìyẹn súwíìṣì aláàbò inú ilé tó ń já bí iná bá ń ṣẹ́ jáde, sì já. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe. Kò sí ẹni tó wà nílé tó máa gbé e padà.

A dé ní ìparí Oṣù Kìíní. Mo tẹ súwíìṣì iná lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀, kò tàn. Mítà sọ pé 9.4 fólítì ló kù nínú bátìrì. Mo yá bátìrì mìíràn, mo ṣí omi ilé ìdáná, mo sì gbọ́ ọ lábẹ́ síńkì: tó, tó, tó. Ara ẹ̀rọ omi náà ti sán, ìlà kan tó tín-ín-rín bí irun, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Omi inú rẹ̀ ti dì, ó sì wú. Bátìrì yẹn kò padà sí bó ṣe wà mọ́, bí mo ṣe fún un ní ṣáàjì tó.

Fírísà ilé wa tún wà lórí RCD kan náà. Gbogbo ọbẹ̀ tí ìyàwó mi sè sílẹ̀ ló bàjẹ́. Láti ìgbà náà, oníná tó gba ìwé ẹ̀rí ti fún sọ́kẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ní súwíìṣì aláàbò tirẹ̀.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí kí a tó lọ: mo máa ń fi iná sí i fún ọjọ́ méjì kí bátìrì kún, mo máa yọ wáyà, mo máa pa súwíìṣì àgbà. Omi á sì ti jáde pátá ṣáájú ìyẹn: táǹkì ṣófo, bọ́ílà ṣófo, gbogbo ẹ̀rọ omi wà ní ṣíṣí, ọwọ́ wọn wà láàrin gbígbóná àti tútù, orí ṣáwà sì wà nílẹ̀. Bátìrì tó kún, tí nǹkan kan kò fà á, á dúró dè yín fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún láìsí wàhálà. Tí ẹ bá ní aládùúgbò tó ṣeé fọkàn tán, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó máa yọjú sí i.

Bọ́ílà mi ní ihò tó ń ṣí fúnra rẹ̀ tí òtútù bá dé. Ṣé kò tó?

Kò tó. Èyí tí ilé iṣẹ́ Truma ń ṣe, bí àpẹẹrẹ, máa ń ṣí nígbà tí ibẹ̀ bá tutù dé nǹkan bí 3 dígírì, á sì da omi bọ́ílà sílẹ̀. Bọ́ílà ló wà fún. Kò ní fa omi inú pọ́ǹpù, inú ẹ̀rọ omi àti ìsàlẹ̀ páìpù jáde.

Ṣé mo lè fi hítà sílẹ̀ nínú rẹ̀?

Àwọn baba wa ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Hítà tó ń fẹ́ ategùn gbígbóná, tí kò sí ẹni tó ń wò ó, nínú ọkọ̀ tó kún fún aṣọ, igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti fóòmù, mi ò lè gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀ láéláé.

Àwọn kan máa ń lo hítà oníná kékeré tí òróró wà nínú rẹ̀, tó ní súwíìṣì tó ń díwọ̀n ooru, wọ́n á fi í sí nǹkan bí 5 dígírì, kí ó má ṣáà di yìnyín. Èyí sàn. Ẹ gbé e sí orí ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ, jìnnà sí kọ́tìnnì, kí ẹ sì wà nítòsí. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbé ẹ̀mí omi yín lé e. Oṣù Kejìlá 2010 ni èyí tó tutù jù lọ nínú àwọn Oṣù Kejìlá tí wọ́n ti ń ṣàkọsílẹ̀ ní Ìlú Ọba láti 1910. Irú òtútù bẹ́ẹ̀ ló máa ń kó ìṣòro bá iná àdúgbò náà. Lálẹ́ tí ẹ bá nílò hítà jù lọ ni iná lè lọ.

Omi tí kò sí nínú páìpù kò lè dì.

Tìmùtìmù mi bu lọ́dún tó kọjá. Ṣé iná máa gbà mí?

Ó lè ràn yín lọ́wọ́ tí ẹ bá lò ó fún ẹ̀rọ tó ń fa ọ̀rinrin. Ẹ béèrè fún èyí tó ń fi kẹ́míkà fà á, nítorí irú èyí tó ń ṣiṣẹ́ bíi fìríìjì kì í lè fa nǹkan gidi nínú òtútù. Bí kò bá sí iná, àwọn ike tí wọ́n ń da iyọ̀ kan sí, tó ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, wà lọ́jà fún pọ́n-ùn mélòó kan. Ẹ máa da omi rẹ̀ nù kó tó kún.

Ẹ gbé tìmùtìmù dúró lórí ẹ̀gbẹ́, kí afẹ́fẹ́ lè gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Tí ẹ bá ní àyè nílé, ẹ kó wọn wọlé. Ihò afẹ́fẹ́ tó wà nílẹ̀ ọkọ̀ àti ti òrùlé, ẹ má fi nǹkan dí wọn nítorí òtútù. Ibẹ̀ ni ọ̀rinrin ń gbà jáde.

Wáyà wo ni kí n lò láti ilé?

Wáyà aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n kọ 2.5 mm² sí lára (ìwọ̀n ojú bàbà inú rẹ̀), tó ní púlọ́ọ̀gì búlúù 16 áńpù ní ẹnu. Ẹ máa nílò adaptor kúkúrú tó ń so búlúù pọ̀ mọ́ púlọ́ọ̀gì ilé. Púlọ́ọ̀gì ilé ò ju 13 áńpù lọ, ìyẹn ò tó 3,000 wáàtì. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ṣájà máa mu nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tan hítà, kẹ́tùlù àti bọ́ílà pọ̀.

Ẹ tú wáyà náà tán pátápátá. Tí ẹ bá ń lo èyí tó wà lórí róòlù, ẹ wo ara róòlù náà, nọ́ńbà méjì ni wọ́n máa ń kọ síbẹ̀: wáàtì tó lè gbé nígbà tó wà ní kíká, àti nígbà tó wà ní títú. Ti kíká kéré gan-an. Mo fọwọ́ kan róòlù ọ̀rẹ́ mi kan lálẹ́ ọjọ́ kan nínú òtútù, hítà wà lẹ́nu rẹ̀, ìdajì wáyà ṣì wà ní kíká. Ó gbóná bí ìkòkò àmàlà. Ike inú rẹ̀ ti ń rọ̀.

Ibi tí wáyà méjì bá ti pàdé kò gbọ́dọ̀ wà lórí ilẹ̀, ẹ gbé e sókè, kí ẹ fi í sínú àpótí tó ń dènà omi. Tó bá ṣeé ṣe, kí ó má sí ìpàdé kankan rárá. Wáyà kò gbọ́dọ̀ gba ojú fèrèsé tàbí ìdí ilẹ̀kùn kọjá, fífún ni wọ́n á máa fún un títí á fi bó. Ẹ tẹ bọ́tìnnì ìdánwò RCD lóṣooṣù. Bí kò bá já, ẹ má lo iná yẹn.

Wọ́n ní wáyà ilẹ̀ (earth) ilé wa lè ṣe mí ní jàǹbá nínú ọkọ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni, ó sì ṣe pàtàkì. Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Ìlú Ọba, wáyà tó ń dá iná padà àti wáyà ilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà títí dé ẹnu ilé. PME ni àwọn oníná ń pè é. Bí wáyà yẹn bá já lójú títì, iná lè wọ gbogbo irin tó so mọ́ wáyà ilẹ̀. Nínú ilé, ewu náà kéré, nítorí gbogbo irin ibẹ̀ wà papọ̀. Níta, ẹni tó dúró lórí koríko tútù tó fọwọ́ kan ara ọkọ̀ ló máa fi ara rẹ̀ gbé e. Nítorí èyí ni òfin iná ọdún 2002 níbẹ̀ kò fi gbà kí a so irú wáyà ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ káráfáànì, motorhome náà sì wà lára wọn. Tí ẹ bá fẹ́ máa fi ọkọ̀ sórí iná nílé déédéé, ẹ pe oníná tó gba ìwé ẹ̀rí kó wá wo irú èyí tí ilé yín ní. Ó lè ri irin mọ́lẹ̀ tí sọ́kẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ nìkan á máa lò dípò wáyà ilẹ̀ ilé. Owó yìí, ẹ má ṣe ṣọ́ ọ ná.

Èló ló máa jẹ́?

Ní 2025, láàrin 24 sí 28 pẹ́nsì ni yúnìtì kan fún ilé tó pọ̀ jù lọ. Ẹ jẹ́ ká fi 26 ṣe é. Ṣájà tó ń mu 30 wáàtì tọ̀sán-tòru á jẹ nǹkan bí 19 pẹ́nsì lójúmọ́, ìyẹn nǹkan bí pọ́n-ùn márùn-ún ààbọ̀ lóṣù. Hítà 500 wáàtì tí kò sinmi á jẹ pọ́n-ùn mẹ́ta ó lé lójúmọ́, ó lé ní 90 lóṣù. Owó bátìrì tuntun fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nínú ìyẹn.

Ibi tí mo ń san owó gbé ọkọ̀ sí kò ní iná.

Ọ̀pọ̀ wọn kò ní, títí kan èyí tó ní ìwé ẹ̀rí wúrà CaSSOA (ẹgbẹ́ àwọn tó ni ibi tí a ń gbé káráfáànì pamọ́ sí), nítorí ààbò ni ìwé yẹn ń wò jù. Ẹ gbé bátìrì inú ilé wálé, kí ẹ máa ṣáàjì rẹ̀ ní gáréèjì tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀. Kí ẹ tó yọ ti ẹ́ńjìnnì, ẹ ka ìwé adójútòfò yín dáadáa: tí tracker tàbí alámù bá kú, wọ́n lè má san owó fún yín bí olè bá gbé ọkọ̀ lọ.

Sólà orí òrùlé lè tó láti dí ohun tí alámù ń mu, bí ọkọ̀ bá wà ní gbangba. Ní London, ojú ọjọ́ ò tó wákàtí mẹ́jọ ní ìparí Oṣù Kejìlá, oòrùn sì ń gba ìsàlẹ̀. Ewé kan tó lẹ̀ mọ́ ojú sólà ti tó láti ba ọjọ́ yẹn jẹ́. Ẹ sì wò ó bóyá bátìrì inú ilé nìkan ló so mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kàn máa tan ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́sẹ̀.

Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe é. Ohun tí ìtanná yẹn gbà lọ́wọ́ bátìrì, ìṣẹ́jú mẹ́wàá kì í sábà dá a padà, omi á sì tún máa gbára jọ nínú ẹ́súọ́ọ̀sì. Bí ọkọ̀ bá ní ìwé ojú títì, ẹ wà á fún bí ìṣẹ́jú 40, táyà náà á yí ibi tó fi ń dúró padà. Tí ẹ bá ti sọ fún DVLA, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣàkọsílẹ̀ ọkọ̀, pé kò sí lójú títì, ẹ má gbé e jáde.

Fìríìjì àti gáàsì?

Ilẹ̀kùn fìríìjì ní ṣíṣí díẹ̀, gáàsì ní pípa láti orí sílíńdà.

Ọjọ́ tí òtútù bá lọ, kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ fi mítà wo bátìrì méjèèjì kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀. Ẹ wo ara wáyà aláwọ̀ ọsàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, eku máa ń jẹ ẹ́. Ẹ fi iná sí ọkọ̀, ẹ tẹ bọ́tìnnì RCD ti inú rẹ̀. Ẹ pa gbogbo ẹ̀rọ omi, ẹ da ìwọ̀nba omi sí táǹkì, ẹ tan pọ́ǹpù, ẹ ṣí ẹ̀rọ omi lọ́kọ̀ọ̀kan títí omi á fi jáde, kí ẹ tún pa á padà. Pọ́ǹpù yẹ kó dákẹ́. Bí ó bá tún ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ láàrin ìṣẹ́jú mélòó kan, omi ń jò níbì kan: ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ wọ abẹ́ síńkì.